Ìlà Garawa Tí Mo Tú ní Muṣin

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú pọ́ọ̀sì, mo gbé báàgì mi, mo sì ti dé ẹnu ọ̀nà ìta kí n tó rántí pé n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ń lọ. Nílẹ̀ wa, ẹni tó ń rìnrìn àjò kì í yọ́ jáde bí ológbò. Ó ní láti sọ fún ará ilé pé, "Mo ń lọ o," kí ará ilé sì dáhùn pé, "Ó dàbọ̀ o, ọ̀nà á dára." Ọkọ mi ló máa ń dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀. Ó ti di olóògbé. Mo yíjú padà, mo kọjú sí fèrèsé yàrá rẹ̀, mo ní, "Mo ń lọ o." Fèrèsé kò fọhùn. Mo bá ọ̀nà mi lọ, nítorí ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ẹni tó ń bá fèrèsé sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi ń lọ, kí n má baà dàbí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti orí ìdáhùn. Tíṣà ni mí. Mo kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, Bísí, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Àgùdà, ní Sùúrùlérè, l'Ékòó. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ló ti ń sọ fún mi pé, "Màmá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí lẹ ń dá gbé ilé yàrá mẹ́rin ṣe?" Akọ̀wé kan sì wà tí à ń pè ní Bàbá Ṣẹ́gun. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta há sí yàrá kan ní Mọ́kọ́lá. Ó gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí n kó lọ sí Èkó, ó sì wá bẹ̀ mí pé kí n fi gbogbo ilé náà háyà fún òun. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ fi ojú ara mi wo ibi tí mo fẹ́ darúgbó sí. Mo ní kó wá gba èsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo bá dé. Bí mo bá ní "bẹ́ẹ̀ ni," n kò nílé mọ́ ní Ìbàdàn. Bí mo bá ní "rárá," ó ku èmi àti fèrèsé.

Ní ìdíkọ̀ ojú irin ní Dùgbẹ̀, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú jù lọ, náírà kan dín kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ọkọ̀ ilẹ̀ ìbá tètè dé, ṣùgbọ́n náírà kan àbọ̀ ni wọ́n ń gbà, àwọn awakọ̀ wọn sì ń sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ìjókòó pátákó ni wọ́n fún wa. Obìnrin tó jókòó tì mí ti sùn kí a tó kúrò ní Ìbàdàn, orí rẹ̀ sì wà léjìká mi títí a fi dé Abẹ́òkúta. N kò jí i. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi orí lé mi léjìká.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gba ọ̀nà yẹn rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bí a ṣe ń mọ̀ pé Èkó ti ń súnmọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọsàn ni kí ẹ máa rà. Ní Dùgbẹ̀, ọsàn mẹ́fà ni kọ́bọ̀ márùn-ún. Ní Abẹ́òkúta, ó di márùn-ún. Ní Agége, obìnrin tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ na mẹ́ta sí mi, ó tún ń wò mí bí ẹni tó ṣe mí lóore. Nígbà tí a fi máa gúnlẹ̀ ní Ìdó, méjì péré ni, méjèèjì sì kan.

Láti Oṣòdì ni ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún mọ́ ojú irin. Ní Muṣin, mo rí obìnrin kan tó ń ro ọbẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó súnmọ́ wa débi pé bí mo bá ní ṣíbí lọ́wọ́, n óò bá a tọ́ ọ wò. Kò gbójú sókè wò wá. Ọkọ̀ ojú irin lójú rẹ̀ dàbí afẹ́fẹ́ tó kọjá.

A dé Ìdó lọ́sàn-án. Ní Ìbàdàn, bí mo bá ń rìn láti Òkè-Àdó dé ọjà, ìkíni ni mo máa ń fi ṣe ìrìn náà: ẹ kú ọjà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó. Mo gbìyànjú rẹ̀ bí mo ti ń rìn gba Òtò kọjá. Kí n tó sọ "ẹ kú" tán, ẹni tí mo fẹ́ kí ti kọjá lọ, ẹlòmíràn tí n kò mọ̀ ló sì wá gba ìyókù ìkíni náà, òun náà kò dúró gbà á. Nígbà tó yá, mo pa ẹnu mi dé. Èrò pọ̀ níbẹ̀ ju èyí tí mo rí rí lọ ní ọjọ́ ọdún, ṣùgbọ́n mo dá wà láàárín wọn bí ẹni tó wà lóko.

Mo bi awakọ̀ takisí kan léèrè iye tó máa gbé mi dé Àgùdà.

"Náírà méjì, Màmá."

"Náírà méjì kẹ̀? Ní Ìbàdàn, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń gbé mi láti Dùgbẹ̀ dé ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ ṣe é ní kọ́bọ̀ márùndínlógójì."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe ẹnìkejì rẹ̀. "Ẹ wá gbọ́! Màmá ń fi 'ẹ jọ̀ọ́' ná owó ọkọ̀ l'Ékòó!" Ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ̀yin ṣáà ti dé láti Ìbàdàn ni. Èkó ò gbọ́ 'ẹ jọ̀ọ́.' Ẹ lọ wọ mólúè. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá náà lẹ ó san. Ṣùgbọ́n ẹ di báàgì yín mú dáadáa o, kí ẹlòmíràn má bá yín gbé e délé."

Mólúè ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n kan ilé onípáànù lé lórí, tí wọ́n sì to ìjókòó sí nínú. Mo wọ̀ ọ́. Ó dára tí mo wọ̀ ọ́, nítorí kò sí àyè fún mi láti ṣubú.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Bísí ń gbé, fúláàtì ni wọ́n sì ń pe tirẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìdílé kan ní ilé ìdáná tirẹ̀, ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ àti ilẹ̀kùn tirẹ̀, nínú ilé ńlá tí ìdílé mẹ́fà jọ ń gbé. Ọgọ́rin náírà ni wọ́n ń san lóṣù. Ilé tèmi ní Ìbàdàn, gbogbo yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ọgbà tó yí i ká, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Bàbá Ṣẹ́gun fẹ́ san lórí rẹ̀, mo sì ti rò pé ó pọ̀. Bísí ní láti ìgbà tí ìjọba ti fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni onílé wọn náà ti fi owó kún ilé, bí ẹni pé òun náà wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba.

Oúnjẹ ńkọ́? Kóńgò gààrí kan tí mo ń rà ní kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nílé, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni ní Àgùdà, wọ́n sì ti lu ìdí kóńgò náà wọnú kí ó má baà gba púpọ̀. Iṣu tí kò ga ju apá mi lọ, náírà kan lé ogún kọ́bọ̀. Ẹyin kan, kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Mo bi obìnrin tó ń ta ẹyin bóyá adìẹ Èkó ń sanwó ilé ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé ẹyin náà sílẹ̀ bí n kò bá rà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló wúwo jù lọ́kàn mi. Kí ojúmọ́ tó mọ́ ni Bísí ti ń jáde, nítorí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Erékùṣù. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì wá pọ̀ lórí omi nígbà náà débi pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń rí ọkọ rẹ̀ nílé. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, n óò sì jókòó. Mo ń gbọ́ rédíò lápá ọ̀tún, mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ lápá òsì, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin kan lókè orí mi, láti ilé ìdáná sí yàrá, láti yàrá sí ilé ìdáná. Ó tó àkókò kan tí mo mọ ìrìn rẹ̀ ju ti àwọn aládùúgbò mi ní Ìbàdàn lọ.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, mo se mọ́ínmọ́ín, mo to mẹ́rin sínú àwo, mo fi ìdérí bò ó, mo gun òkè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe nílé nìyẹn: àlejò tó bá dé àdúgbò á gbé nǹkan lọ kí ẹni tó bá níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà lára rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ta lẹ ń wá?"

"N kò wá ẹnikẹ́ni, ọmọ mi. Èmi ni ìyá Bísí."

"Bísí wo?"

"Ìyàwó tó ń gbé nísàlẹ̀ yín."

"Hẹn-ẹn, àwọn ìsàlẹ̀. Kí ló dé? Ṣé omi ń jò bọ́ sí yín lórí ni?"

"Rárá o. Mọ́ínmọ́ín ni mo gbé wá kí yín."

Ó wo àwo náà bí ẹni tí wọ́n gbé lẹ́tà ẹlòmíràn wá bá. "Ẹ ṣé gan-an, mà. A ti jẹun." Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Kò ṣe àfojúdi, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé àwo mi sọ̀kalẹ̀, mo jẹ méjì níbẹ̀, méjì ṣẹ́kù.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo lọ sí Muṣin láti lọ kí Rábíátù. Bàbá rẹ̀ àti bàbá mi jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, agboolé kan la sì ti dàgbà. Aránṣọ ni. Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà ló ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún púpọ̀, kí wọ́n tó ní kí àwọn àlejò máa lọ sí ìlú wọn. Yàrá kan ló ní nísinsìnyí, náírà méjìlá lóṣù, nínú ilé tí yàrá márùn-ún kọjú sí yàrá márùn-ún, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan la àárín wọn kọjá. Mo gbìyànjú láti ka iye ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ bí mo ti máa ń ka ọmọ kíláàsì mi, ṣùgbọ́n wọn kò dúró lójú kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì," Rábíátù ní. "Àga ti di ti oníbàárà, ilẹ̀ ti di ti aṣọ, èmi gan-an, abẹ́ máṣíìnì ni mò ń gbé."

Mo bi í bóyá Muṣin sàn ju Kùmásì lọ. Kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì rẹ̀.

"Nípa àyè, Kùmásì sàn jù. Yàrá méjì ni mo ní níbẹ̀, mo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tèmi. Owó oúnjẹ náà rọjú. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé 'akwaaba,' ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ 'ẹ káàbọ̀.' 'Akwaaba' láàárọ̀, 'akwaaba' lálẹ́, títí ọjọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ." Ó já òwú. "Nígbà tí mo dé ilé yìí, Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó kí mi káàbọ̀. Ẹyọ kan! Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n bá mi jà lórí omi. A jà débi pé mo sunkún. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti délé."

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Òjò dé ní ìrọ̀lẹ́. Omi kún ojú títì débi pé ọkọ̀ kò lè kọjá, ni mo bá sùn sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe wá ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí nìyẹn.

Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé náà, ìdájí nìkan ló sì ń ṣàn, fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Mo jí ní àkókò tí mo máa ń jí, mo jáde láti lọ bọ́jú. Garawa ni mo rí nílẹ̀: garawa karosíìnì àtijọ́, garawa ọ̀dà, garawa onírin, garawa rọ́bà. Kò sí ènìyàn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n wọ́ kiri bí ejò láti ìdí ẹ̀rọ, wọ́n yí ààrò ká, wọ́n dínà ilé ìwẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin ni mo ti ń mú ìlà tọ́. Mo ká aṣọ mi sókè, mo gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n tì ògiri gbọnrangandan: èyí tó kúrú níwájú, èyí tó ga lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń to ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo parí, mo sún sẹ́yìn wò ó. Ó wù mí.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ilẹ̀kùn sì ṣí nígbà kan náà.

"Ta ló tú ìlà?" Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná ni, Ìyá Kúdí ni wọ́n ń pè é. "Èmi tí mo ti wà nípò kejì láti ìrọ̀lẹ́ àná! Ta ló gbé garawa mi lọ sẹ́yìn?"

"Èmi ni," mo ní. "Ẹ má bínú. N kò tú u, mo kàn tò ó ni. Èyí tó kúrú ló yẹ kó wà níwájú, kí ti ẹ̀yìn lè máa rí..." Mo dákẹ́. Mo gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ: kí garawa ẹ̀yìn lè máa ríran.

Ọkùnrin mẹkáníìkì kan tó gbé táwẹ́ẹ̀lì kọ́rùn, Sùlé, di ẹ̀gbẹ́ mú. "Ẹ gbà mí o! Tíṣà ti ṣe ásẹ́ḿbìlì fún garawa! Mà, ṣé wọ́n ti kọrin àárọ̀ tán? Garawa tèmi ni kò wọ yúnífọ́ọ̀mù!"

"Má bá mi ṣeré, Sùlé! Màmá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, níbo ni wọ́n ti ń fi gíga pín omi?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!" ẹlòmíràn pariwo. "Ẹ̀yìn pátápátá ni garawa mi wà lánàá, Màmá ti fi í jẹ pirífẹ́ẹ̀tì! Ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o!"

Rábíátù ti sáré jáde, ó ń so ìró. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ò sọ pé ìlà lẹ fọwọ́ kàn? Ẹ pa mí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ilé, àlejò mi ni. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá. Ẹ̀rọ omi wà lọ́gbà wọn fún àwọn nìkan, wọn ò mọ̀."

Ariwo rọlẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi.

"Ẹ̀rọ kan fún ẹnì kan?" Ìyá Kúdí béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní.

Sùlé wò mí, àánú mi sì ń ṣe é ní tòótọ́. "Mà, ta wá lẹ ń bá jà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá Kúdí pàtẹ́wọ́. "Ó yá, omi ń lọ! Kálukú lọ sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú ẹ̀!" Mo rò pé ìjà ni yóò dà, nítorí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kálukú mọ ẹni tó ṣáájú òun. "Ẹ̀yìn Ìyá Kúdí ni mo wà." "Ẹ̀yìn rẹ lèmi wà, o ti gbàgbé?" Kí n tó mọ̀, ejò náà ti wọ́ padà, ó yí ààrò ká, ó sì dínà ilé ìwẹ̀ bí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀.

Garawa kan ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, búlúù ni, okùn ni wọ́n fi so ọwọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jáde wá gbé e.

"Ti ta nìyẹn?" mo béèrè.

"Ti Bàbá yàrá ẹ̀yìn ni," Sùlé ní. "Èmi ni mo wà níwájú Bàbá."

"Irọ́ ni," obìnrin kan ní. "Èmi ni mo wà níwájú Bàbá. Ìwọ lo wà lẹ́yìn wọn. Ìwọ lo máa pọn ọ́n."

"Èmi ni mo pọn ọ́n lánàá!"

"Tún pọn ọ́n lónìí!"

Wọ́n jà lórí àyè bàbá náà ju bí wọ́n ti jà lórí ti ara wọn lọ. Rábíátù ló ṣàlàyé fún mi. Ọ̀gá àwọn agbẹ́rù ni bàbá náà jẹ́ ní Ìjọ́rà nígbà tó wà lókun. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbé e mọ́, kò sì lẹ́bí nílé náà. Ẹni tó bá kọjá ní ìrọ̀lẹ́ á gbé garawa rẹ̀ sórí ìlà. Nígbà tó bá kàn án, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á kọ́kọ́ pọn tirẹ̀, á gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, kó tó pọn ti ara rẹ̀.

Mo ní èmi ni n óò gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn. Sùlé pọn ọ́n, mo sì gbé e. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ohùn kan ti inú wá.

"Ta nìyẹn? Ìrìn Sùlé kọ́ nìyẹn."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Àlejò Rábíátù ni. Èmi ni mo tú ìlà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ikọ́ wà nínú rẹ̀. "Ìwọ ni? Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ látorí ẹní. Garawa mi wà nílé ẹ̀kọ́! Káàbọ̀, ọmọ mi. Káàbọ̀."

Ìyẹn ni "káàbọ̀" àkọ́kọ́ tí àjèjì kan sọ fún mi l'Ékòó.

Mo padà sí Àgùdà lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fúláàtì náà wá ń dún sí mi létí. Mo ronú sí ilé mi ní Òkè-Àdó. Bí mo bá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ta ni yóò sọ pé èmi ló kàn?

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọjọ́ Àìkú, Bísí jókòó tì mí. "Màmá, ẹ ò ní wá, àbí?"

Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti sọ fún un, àlàyé kìíní, àlàyé kejì. Wọ́n fò lọ. Mo bi í pé, "Ta ló ń gbé òkè yín?"

"Mi ò mọ orúkọ wọn, mà." Ó tẹjú mọ́lẹ̀. "Ọdún kejì wa rèé níbí." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ rò pé torí tiyín nìkan ni mo ṣe ń pè yín? Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, òkùnkùn ló ń kí mi. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wà nílé tó máa sọ fún mi pé káàbọ̀."

Mo dì í mọ́ra. Mo ní, "Bí mo bá wá, a ó di méjì tó ń dá gbé lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan. Dìde. Gòkè lọ, kí o lọ tọrọ iyọ̀."

"Màmá! Iyọ̀ wà nílé."

"Mo mọ̀. Mo gbé oúnjẹ lọ, wọn kò gbà. Ẹni tó gbé nǹkan wá, wọ́n lè ní àwọn ti yó. Ẹni tó wá tọrọ, wọn ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Lọ."

Ó lọ, ó ń kùn bí ìgbà tó wà ní kékeré. Mo gbọ́ kíkan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn méjì lókè orí mi, láti ilé ìdáná sí yàrá, mo sì gbọ́ ẹ̀rín. Mo jókòó nísàlẹ̀ lémi nìkan, mo ń gbọ́ ọ. Ó pẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀, iyọ̀ wà nínú bébà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Fọlá ni wọ́n ń pè é, mà. Ó ní láti ìgbà tóun ti débí, onílé àti agbowó-iná nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn òun. Ó ní tí àlùbọ́sà bá tán lọ́wọ́ òun lọ́la, òun á sọ̀kalẹ̀ wá."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà. Ọsàn méjì ní Ìdó, mẹ́ta ní Agége, márùn-ún ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó pé mẹ́fà fún kọ́bọ̀ márùn-ún, mo ti dé Dùgbẹ̀, ọsàn sì kún báàgì mi ju ohun tí ẹnì kan lè jẹ lọ.

Bàbá Ṣẹ́gun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. "Ẹ káàbọ̀, mà," wọ́n ní, ojú wọn sì wà lára kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi.

"N kò lọ mọ́," mo sọ fún wọn.

Ó ká fìlà rẹ̀. "Kò burú, mà. Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà mìíràn." Ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n yí padà.

"Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ máa dìde nígbà tí tíṣà kò tíì parí ọ̀rọ̀? Yàrá mẹ́rin ló wà níbí. Ọ̀kan tó mi. Ẹ kó wá sí mẹ́ta tó kù. Náírà méjìlá ni, bíi ti yàrá kan ní Muṣin." Mo ṣí báàgì. "Ẹ gba ọsàn yìí fún àwọn ọmọ."

Obìnrin náà fi ìró rẹ̀ gba ọsàn náà. Ó ní, "Ẹ̀rọ omi ńkọ́, mà?"

"Ọ̀kan ni. A ó jọ máa lò ó."

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò pọ̀. Mo ti rò pé bí ènìyàn bá ti pọ̀ tó níbì kan ni ìdáwà ṣe máa ń dínkù tó, bí ọsàn tó ń dínkù lójú ọ̀nà Èkó. Ìṣirò náà kò gún. Ní Àgùdà, ọgọ́rin náírà ni wọ́n fi ń ra ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó ń kàn án. Ní Muṣin, pẹ̀lú náírà méjìlá àti ìfúnpinpin, ẹni tí kò lè dìde ṣì ní àyè lórí ìlà.

Wọ́n kó dé lópin ọ̀sẹ̀ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Ìyá Ṣẹ́gun gbé garawa rẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ nígbà tó rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ pọn, èmi ni mo nilé. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò yára bíi ti àná. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń gbálẹ̀, mo sì ti garawa rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí n lè gbá abẹ́ rẹ̀.

"Mà," ó ní láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, "pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ta ló ní kí ẹ gbé garawa mi? Èmi ni mo ṣáájú!"

Mo ní ìdọ̀tí wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀, òun ti gbá a. Mo ní kò gbá a dáadáa. A fà á síwá, a fà á sẹ́yìn, títí àwọn ọmọ fi jí. Mo ti gbé báàgì mi sílẹ̀ ní yàrá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ yẹn ni mo tó ti Èkó dé.